Orírun àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ‘Fetish’

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ‘fetish’, kì í ṣe ohun tí a lè pe ẹ̀sìn ẹlòmíràn kí inú onítọ̀hún dùn. Inú èdè Látìn ni orírun rẹ̀ wà: ‘facticius’, ohun àtọwọ́dá. Èyí ni ó di ‘feitiço’ lẹ́nu àwọn Potogí, tí wọ́n fi ń pe oògùn àti àsàsí ní ìlú tiwọn. Èébú ilé ni kí ó tó di ti oko. Nígbà tí wọ́n rí oǹdè àti ère ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ yìí náà ni wọ́n sọ wọ́n. Charles de Brosses, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó wá sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀sìn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1760.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náà padà sí ilé àwọn tí ó ni ín. Ní 1867, Karl Marx fi bá ará Yúróòpù wí: ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe ọjà, síbẹ̀ wọ́n ń wò ó bí ẹni pé agbára ti ara rẹ̀ ni ó ní. Ní 1887, Alfred Binet lò ó fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ irun tàbí aṣọ dípò ẹni tí ó ni ín.

Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ ti 1973, kà á mọ́ àwọn orúkọ tí kò tọ́ sí ẹ̀sìn Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí òrìṣà ti ṣìnà. Ta ni ó fi ọwọ́ mọ Ọbàtálá? Bí oǹdè ni òǹkọ̀wé ń sọ, oǹdè ni kí a kọ. Bí ère ni, kí ó jẹ́ ère. ‘Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sí ohun aláìlẹ́mìí’ súnmọ́ èrò Binet. Ti Marx ni kò gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àlàyé ni yóò gbà.