Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Peckham

Ìlá-Ọ̀ràngún, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ Ajagúnńlá, ọmọ ogbó-mi-mọ̀nà,

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí ni kò jẹ́ kí n sùn, pé ọdún kẹta nìyí tí ìwọ àti ìyá òyìnbó arúgbó tí ẹ jọ dojú ilẹ̀kùn kọra yín ti ń pàdé lórí àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, tòun ti ajá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì mọ orúkọ ẹnì kejì. O ní kò dùn ọ́, nítorí pé ní òpópónà Rye Lane níbẹ̀ o ń rí ẹlẹ́lùbọ́, o ń rí ẹlẹ́ja, o ń rí onígbàjámọ̀, gbogbo wọn ló sì ń gbọ́ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ti ń wí ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì gbóná lára mi.

Ọdún 1958 ni mo bá àwọn ará Ọ̀fà wọ ọkọ̀ lọ sí Gánà, tí mo ń ta àwo tánganran àti ìlẹ̀kẹ̀. Àlátà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwa Yorùbá. Ọṣẹ dúdú pàápàá, alata samina ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni ọṣẹ àwọn Àlátà. Ìtàn tí a jogún wí pé ogbó, èyíinì ni àdá, tó wà lọ́wọ́ Ajagúnńlá baba ńlá wa ló ń fọ̀nà hàn án títí ó fi dé ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìgbómìnà lónìí; ọmọ mi, èmi kò mú ogbó kankan lọ sí Gánà, ẹnu lásán ni mo gbé lọ, èdè ibẹ̀ kò sì sí lẹ́nu náà.

Ìyá kan ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo kíkan ti ilẹ̀ wọn, nítòsí ìsọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan mo já wọ ilé rẹ̀, mo ń bèèrè owó àwo tó rà láwìn. Kò dá mi lóhùn. Ó nawọ́ sí àpótí, mo jókòó. Ó wọ yàrá lọ, ó bu omi sínú igbá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún mi, ó sì dúró, ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun mi títí mo fi mu ún. Ìgbà náà ló tó jókòó, tó tún ìró rẹ̀ ró, tó wá bèèrè amanneɛ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn Aṣáńtì fi ń bi àlejò ní ohun tó gbé e wá, omi sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ojú tì mí. Àwa náà kúkú ní omi àlejò nílé, ṣùgbọ́n èmi ti sọ ìlú onílùú di ọjà, mo sì rò pé a kì í gba omi lọ́wọ́ oníbàárà. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ láìkí i ní maakye, òun a máa fi ahọ́n mi rẹ́rìn-ín, a sì máa tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ńkẹ́ rẹ̀ di oúnjẹ àárọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, kí n má parọ́, kíkan rẹ̀ kò bá mi lára mu títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Àwọn àgbà ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ mí lówó ń ṣọ́ ẹ̀yìn àlejò nìkan, kí wọ́n má baà san án rárá. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ìyá oníkẹ́ńkẹ́ kan ilẹ̀kùn mi, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó ka cedi 3 àti pesewa 40 sí mi lọ́wọ́, gbèsè tí èmi fúnra mi ti gbàgbé. Igbá omi wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. Mo mu ún. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi mí ní amanneɛ.

Nígbà tí ìjọba tiwa ní Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní oṣù Kìíní ọdún 1983, olùkọ́ kan tó jẹ́ ará ibẹ̀ wá dágbére fún mi nílé yìí tòun ti àpò rẹ̀, mo sì bu omi fún un. Ohun tí mo lè ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ní kí o gbé igbá omi lọ kan ilẹ̀kùn òyìnbó, kí ó má baà pe ọlọ́pàá sí ọ. Bí mo ti gbọ́, ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn tí kò ràn ni wọ́n fi ń ṣí ẹnu lọ́hùn-ún, àfi bí ẹni pé ìyẹn ni omi tiwọn; má ṣe dà á nù bí ìyá òyìnbó náà bá bù ú fún ọ. Ajá tirẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Nílé wa, orúkọ ajá ni a fi ń pa òwe ránṣẹ́ sí aládùúgbò, mo sì ń fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiwọn. Bí o bá tún pè mí, orúkọ ajá náà ni kí o kọ́kọ́ sọ fún mi, kí a tó sọ ti owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.