Ó Lé E Bá, Àbí Ó Yà Á?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń jáwé olúborí nínú gẹ́èmù eré mọ́tò. Yorùbá rẹ̀ dán, ó já geere, àfi ìgbà tó ní: "Bí o bá ti lé gbogbo ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wà bá, ipò kìíní di tìẹ." Rárá o! Ẹni tó lé ni bá, ẹ̀yìn ẹni ló ṣì wà. Àwọn ará Íjíbítì lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bá létí òkun, ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n gba iwájú wọn lọ?

Nínú gẹ́èmù gan-an ni àṣìlò yìí ti ń ba ìròyìn jẹ́ jù. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe gẹ́èmù eré mọ́tò, títí kan àwọn tó ṣe Super Mario Kart ti ọdún 1992, ti fi ọgbọ́n kan sínú ọkọ̀ kọ̀ǹpútà: bí ìwọ bá ti jìnnà sí i, eré tirẹ̀ á le sí i. O kọjá rẹ̀ ní kọ́nà kìíní, kí o tó dé ìkejì ó ti lé ọ bá, bí o bá sì ṣe bí ọ̀lẹ, á tún kọjá rẹ. Ẹni tó ń pe gbogbo èyí ní lé bá, báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó wà níwájú? Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù gẹ́èmù èyíkéyìí ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Alímọ̀ṣọ́ nílùú Èkó. Ọmọ tó di pádì mú á kọ́kọ́ pariwo pé "Mo ti bá a!", tó bá ṣe díẹ̀, "Mo ti kọjá ẹ̀!" Kò pa wọ́n pọ̀.

Kọjá dára, àmọ́ ó gbòòrò jù, torí à ń kọjá ilé, à ń kọjá igi tí kò kúrò lójú kan. Ré kọjá ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì látọjọ́ tí Àjọ Ìrékọjá ti gbà á. Èyí tí mo fẹ́ràn ni yà: ó sáré yà á, ó yà á sílẹ̀. Ohun tó ń sáré nìkan là ń sáré yà.

Ará Alímọ̀ṣọ́ ń gbọ́ yà yìí lẹ́nu kọ̀ńdọ́ ní gbogbo ìgbà: Ìyànà Ìpájà! Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ìyànà. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni òun àti yà ti eré. Ojú ọ̀nà oko tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba iwájú ẹni tó ń sáré níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́tò: láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì là ń yà sí ká tó kọjá.

Yà ní àléébù kan. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ á gòkè: "ó ya ọkọ̀." Ẹni tó ń gbọ́ rédíò lè rò pé ẹnì kan ń ya àwòrán ọkọ̀ ni. Ìdí rèé tí kò fi yẹ ká yọ sáré tàbí sílẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Lójú títì Ìkọ̀tún sí Ìgándò, mo gbà pé ofatéèkì ti Gẹ̀ẹ́sì ti borí. Dírẹ́bà tí wọ́n já sí níwájú kò ráyè wá yà kiri, "Kí ló ń ofatéèkì mi báyìí fún?" ló máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀, á sì yé gbogbo èrò ọkọ̀. N kò bá a jà. Ẹni tó jókòó ti gbohùngbohùn láyè ara rẹ̀ ni mò ń bá wí. Kọ̀ǹpútà pàápàá mọ̀ ju lé bá lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Sophy, awakọ̀ kọ̀ǹpútà tí Sony kọ́ fún gẹ́èmù Gran Turismo, borí àwọn ògbóǹtarìgì tó jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara. Wọ́n kọ́ ọ ní eré sísá, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe gba iwájú ẹlòmíì láì kọlù ú. Ká ní lé bá nìkan ló mọ̀ ni, ẹ̀yìn ni ì bá wà dòní.

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, bí mọ́tò bá ti bọ́ síwájú, ẹ sọ fún wa pé ó sáré yà á.