Ìdí Tí Omi Ṣúgà Fi Ń Jóni Ju Omi Gbígbóná Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sójú pátákó lọ́tẹ̀ yìí, inú ilé ìdáná wa ní Àyèká níbí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àbúrò mi obìnrin ń bá Màmá wa se suwíìtì àgbọn tí wọ́n ń tà. Ṣúgà àti omi díẹ̀ ń hó lórí iná. Ó ta sí i lọ́wọ́, ẹ̀kán kan péré. Mo ní kó yéé pariwo, pé omi gbígbóná lásán ni, pé èmi náà ti da omi tíì sára rí. Ọwọ́ yẹn bó, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó san. Mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ kẹ́mísírì ni mo ń pe ara mi.

Omi lásán, tó bá ti hó, kì í gbóná ju dígírì 100 lọ ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ẹ koná mọ́ ọn di alẹ́, 100 náà ni. Iná tí ẹ ń fi kún un kàn ń sọ omi di oru ni. (Ní Jos tó wà lórí òkè, bíi 96 ló ti ń hó, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó tiwa.) Àmọ́ tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá yòrò sínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí omi tó hó, oru tó ń sá jáde nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tó afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ lórí. Ṣúgà tó há sáàárín omi ń dín oru yẹn kù, torí náà ìgbóná ní láti lọ sókè sí i kó tó lè hó. Raoult, ará Faransé, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ọ̀rọ̀ yìí láàárín 1880 sí 1890. Van 't Hoff, ará Họ́láńdì, tóun náà ṣiṣẹ́ lórí nǹkan tó yòrò sínú omi, ló gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ fún kẹ́mísírì ní 1901.

Iye ẹyọ tó wà nínú omi ló ń ka, kì í ṣe irú ẹ̀. 342 gíráàmù ṣúgà nínú kílò omi kan ń gbé e sókè ní ìdajì dígírì. Iyọ̀ 58.5 gíráàmù péré ń gbé e sókè ní dígírì kan, torí iyọ̀ máa ń pín sí méjì nínú omi, sodium lọ́tọ̀, chloride lọ́tọ̀. A dán an wò ní lábù. Tẹmómítà wa ka 99 fún omi lásán (ojú ẹ̀ ti ń parẹ́, ẹ má bínú). A da 60 gíráàmù iyọ̀ sínú ìdajì lítà, ó ka 101. Àwa tá a wà níwájú pariwo.

Mo sáré lọ sọ fún Màmá pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sómi iṣu kó lè tètè hó, òdìkejì ló ń ṣe. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú mi yìí ni mo fi ń rí i pé ó ń ru sókè bí mo bá ti dà á sí i." Mo bá jókòó ṣírò ẹ̀: síbí kékeré kan, bíi 6 gíráàmù, nínú omi lítà 2, kò ju 0.05 dígírì lọ. Kò sẹ́ni tó lè fojú rí ìyẹn. Ohun tí Màmá rí náà kì í sì í ṣe irọ́: horo iyọ̀ ń fún ìfófó níbi tó ti lè bẹ̀rẹ̀, ló fi máa ń ru lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n ní kí n lọ pọn omi.

Ẹ má wá sọ pé gbogbo ohun tó bá wọnú omi ló ń ṣe báyìí. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, tíṣà fi bírò pupa fà á. Ẹ wo àwọn tó ń se ògógóró nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa. Ọtí tó wà nínú ògùrọ̀ kíkan, òun fúnra ẹ̀ máa ń fò lọ, bíi 78 ló ti ń hó. Torí náà ògùrọ̀ yẹn á ti máa hó kó tó dé 100, bí ọtí bá sì ṣe ń gba páìpù jáde ni ìgbóná inú dúrọ́ọ̀mù ń sún mọ́ 100.

Ká padà sórí ṣúgà. Iyọ̀ kì í lè yòrò kọjá ibì kan. Tí omi iyọ̀ bá ti kún dé góńgó, bíi 108 tàbí 109 ló ń hó. Ṣúgà ò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò, ṣúgà ń ki, ìgbóná ń gòkè. Tó bá ku bíi omi 15 nínú 100, ó ti dé nǹkan bíi 115. Kó tó di suwíìtì líle tó ń fọ́ lẹ́nu, ó ti dé bíi 150. Ó tún máa ń lẹ̀ mọ́ ara bíi gọ́ọ̀mù, kò ní ṣàn lọ bí omi. Bẹ́ẹ̀, ojú kan náà ni yóò máa wò yín nínú ìkòkò, ìfófó funfun lásán.

Tó bá ta sí yín lára, omi tútù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣàn lé e lórí fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i (èmi ni mo fi ìyẹn sí ti àbúrò mi). Ó ti padà sídìí ìkòkò báyìí. Ọmọrogùn gígùn ló ń lò, kì í sì í jẹ́ kí n sún mọ́ òun.