Ẹ Hun Ún Dáadáa Kí Ẹ Tó Fi Dárà

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn pé ẹ ń wá ìwé àwòṣe àtijọ́ kiri, tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín hun súwẹ́tà tí ẹlòmíràn kò ní. Súwẹ́tà ọmọ-ọwọ́ àti fìlà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá nílé wa fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹni tó fẹ́ fi aṣọ dárà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún ju ti ẹlòmíràn lọ, torí gbogbo ojú ló máa wò ó.

Ẹ wo súwẹ́tà tí Elsa Schiaparelli, obìnrin tó ń dá àrà aṣọ, gbé jáde ní Paris ní 1927. Dúdú ni, wọ́n sì hun rìbọ́n funfun ńlá kan mọ́ ọn lọ́rùn, débi pé ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé wọ́n so ó ni. Kò sí ohun tí wọ́n so. Obìnrin ará Àméníà kan tó ń gbé ní Paris ló bá a hun ún. Schiaparelli kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé àkọ́kọ́ kò dára, èkejì sàn díẹ̀, ẹ̀kẹta ló wá gbayì. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi oúnjẹ ọ̀sán, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń fẹ́ irú rẹ̀, oníṣòwò kan láti New York sì ní kó ṣe 40 fún òun.

Èmi kò gbà pé rìbọ́n yẹn nìkan ló tà á. Ohun tó kọ́kọ́ wu Schiaparelli nínú iṣẹ́ obìnrin náà ni pé súwẹ́tà rẹ̀ kì í fà. Ẹ̀yìn aṣọ ni àṣírí wà. Bí obìnrin náà ṣe ń fi dúdú hun, ó ń fa òwú funfun lọ lẹ́yìn, ó sì ń fi dúdú há a mọ́ra bó ṣe ń lọ. Ìdí nìyẹn tí funfun fi ń yọ wínníwínní láàárín dúdú. Ẹ fara balẹ̀ kọ́ ibẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá fa òwú ẹ̀yìn le jù, iwájú á hunjọ. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ jù, ìka yín á máa há sí i bí ẹ bá ń ti ọwọ́ bọ apá.

Ìwé àtijọ́ náà gba àkíyèsí. Òmíràn kò kọ ju ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ. Nọ́ńbà abẹ́rẹ́ àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín: 8 jẹ́ mìlímítà 4, 10 jẹ́ 3.25. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, 8 tiwọn jẹ́ mìlímítà 5. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ hun ègé kékeré, ínǹṣì 4 níbùú àti lóròó, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ tó ka ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń súni. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ní ojú 28, tí tiyín jẹ́ 26, súwẹ́tà tó yẹ kó jẹ́ ínǹṣì 34 yíká àyà á lé ní 36 àti ààbọ̀. Ojú 2 péré ló fa gbogbo ìyẹn! Ẹ mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún un hun.

Súwẹ́tà àtijọ́ púpọ̀ kò kọjá ìbàdí. Bí ẹ bá fẹ́ kó bò yín dáadáa, ẹ fi ínǹṣì díẹ̀ kún un kí ẹ tó dé abẹ́ apá.

Tó bá parí, ẹ wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ọdún. Kí yẹ̀rì tàbí ṣòkòtò tí ẹ bá wọ̀ sí i má ní àwòrán kankan. Bó bá jẹ́ òwú irun àgùntàn, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná á mú kó súnkì. Ẹ má fún un, ẹ má sá a sórí okùn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì títí yóò fi gbẹ.