Ẹni Tí Kò Múra Tó, Kó Kọ́kọ́ Ronú Omi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàràpá tí ẹ ń fojú sọ́nà fún ìdíje alápá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní triathlon, èyí tí èèyàn máa ń lúwẹ̀ẹ́, kó gun kẹ̀kẹ́, kó sì fi eré sísá parí rẹ̀ láìsinmi, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ìmúra tí kò pé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù. Oko ẹ̀gẹ́ kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ ráyè sáré láràárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò níwájú. Ọlọ́kadà ò lè torí eré ìdárayá fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, ọjọ́ ìdíje ti dé, wọn ò sì tíì ṣe ìdajì ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ṣé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lọ? Ó lè lọ, ó sì lè parí rẹ̀. Àmọ́ àìmúra kan wà tó jẹ́ pé ìrora àti àkókò tó pọ̀ ni yóò ná ẹni, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé òkú ẹni ni wọn yóò gbé wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ironman ló lókìkí jù nínú àwọn tó gùn: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 lórí ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ láti Èrúwà dé Ìbàdàn, tẹ́ ẹ tún gùn ún padà wálé, 180 yẹn ò tíì pé. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní erékùṣù Oahu ní Hawaii. Èèyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí rẹ̀. John Dunbar ló ń ṣíwájú lórí eré sísá nígbà tí omi tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e gbé dání tán pátá, bíà ni wọ́n bá gbé fún un. Gordon Haller kọjá lára rẹ̀, ó sì gbégbá orókè. Ẹ rántí bíà yẹn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ìtàn tó ń ki ọ̀pọ̀ èèyàn láyà láti lọ láìmúra tó ni ti Julie Moss, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní California. Iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi gboyè ló gbé e dé Hawaii ní oṣù Kejì ọdún 1982. Kò pẹ́ púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìmúra, síbẹ̀ òun ló ń ṣíwájú gbogbo obìnrin títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ìparí. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, Kathleen McCartney sì kọjá lára rẹ̀. Moss rákòrò dé ìlà ìparí, ìṣẹ́jú àáyá 29 péré ló fi wà lẹ́yìn McCartney. Tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri ayé, àwọn èèyàn sunkún, wọ́n sì ń yìn ín títí dòní. Èmi náà yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ṣubú sí: orí ọ̀dà ni, lójú èrò, àwọn olùrànlọ́wọ́ sì wà níbẹ̀. Ká ní inú omi ni agbára ti tán nínú rẹ̀ ńkọ́, tí kò sí ẹnì kankan nítòsí?

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ ò bá múra tó, èèyàn lè rìn. Ẹni tó bá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀, kó jókòó sábẹ́ igi. Wákàtí 17 ni wọ́n sábà máa ń yọ̀ǹda fún gbogbo Ironman. Ẹni tó bá fi wákàtí méjì jáde nínú omi, tó fi méje àtààbọ̀ gun kẹ̀kẹ́, ṣì ní nǹkan bíi wákàtí méje láti fi ìrìn kíákíá parí èyí tó kù. Kò yá, kò sì dùn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ló sì ti ṣe é. Nínú omi ńkọ́? Kò síbi tí a ó jókòó sí níbẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà kó ọ̀rọ̀ àwọn tó kú tàbí tí ọkàn wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró nínú irú ìdíje yìí jọ láti ọdún 1985 sí 2016. Èèyàn 135 ni wọ́n rí, 90 nínú wọn ló jẹ́ pé inú omi ló ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Eré sísá mú 15, kẹ̀kẹ́ mú 7, àwọn yòókù fara gbá jàǹbá tàbí kí ó jẹ́ ẹ̀yìn ìdíje ni. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì ti lé lógójì ọdún. Omi ni apá tó kúrú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì ń pa èèyàn jù. Èrò máa ń ti ara wọn nínú omi, àyà á já, èémí á kúrú, ọkàn tí ó ti ní àrùn tí ẹni tó ni ín ò mọ̀ á sì kọṣẹ́. Àwọn àgbà tó ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Nítorí náà, bí àkókò ìmúra bá kéré, omi ni kẹ́ ẹ fi í ṣe. Ẹ wá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tó ní olùṣọ́ lọ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lúwẹ̀ẹ́ tó iye kìlómítà ìdíje náà rí níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ, kò gbọdọ̀ wọ omi lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí owó ìforúkọsílẹ̀ pọ̀ tó. Ó lè mú ìdíje kúkúrú: irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Òlíńpíìkì láti ìgbà Sydney ọdún 2000, kìlómítà 1.5 nínú omi ni, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún wa níhìn-ín ni kí èèyàn mẹ́ta pín in ṣe, kí òmùwẹ̀ wẹ̀, kí oníkẹ̀kẹ́ gùn, kí eléré ẹsẹ̀ parí rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi odò Ògùn dánra wò. Nígbà òjò, omi rẹ̀ a máa pọ́n débi pé a ò ní rí igi tó ń léfòó bọ̀ lórí wa, ìṣàn rẹ̀ a sì máa gbé ẹni tó lágbára. Àwọn odò kéékèèké tó dákẹ́ rọ́rọ́ ní ewu tiwọn, nítorí inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ń gbé, awọ ara lásán ló sì ń gbà wọlé. Ìlú Ìdèrè kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ àrùn inú omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni sòbìà fi da ìlú náà láàmú, omi mímu ló sì gbé e wá, kó tó di pé wọ́n kéde ní ọdún 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ wo omi dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ mu ún.

Àyẹ̀wò ló kàn, ìṣègùn kò sì ṣàjèjì sí wa níhìn-ín. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Ìgbò-Ọrà. Ní Èrúwà, olóògbé Dókítà Olúyọ̀mbọ́ Awójọbí fi àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó. Ilẹ̀ tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti jáde kò yẹ kó ní ọ̀dọ́ tí yóò gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180 láìmọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ kò bá tó, má lọ. Jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, pàápàá bí o bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kí o sì mọ genotype rẹ, bóyá AA ni ọ́ tàbí AS. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwa ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ AS. AS kò ní kéèyàn má sáré, ṣùgbọ́n bí ó bá sáré kọjá agbára rẹ̀ nínú ooru tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, ó lè ṣubú lójijì kó sì kú. Láti ọdún 2010 ni àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, NCAA, ti ń béèrè àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́ àwọn eléré ìpele àkọ́kọ́ wọn. AS tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, tí iṣan sì ń dùn ún lọ́nà tí kò mọ̀ rí, kó dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tì í síwájú.

Mo ní mò ń bọ̀ lórí bíà. Ọtí àti páráágà ò ní agbára kankan láti fún eléré, wọ́n kàn ń fọwọ́ bo àárẹ̀ ara ni. Tramadol burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nígbà tí ara bá ń kígbe. Ibuprofen àti àwọn oògùn ara-ríro bíi rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́ bí omi bá ti gbẹ lára. Ṣùgbọ́n ẹ má tún torí ẹ̀rù òǹgbẹ máa mu omi inú ọ̀rá bí ẹni tí wọ́n ní kó mu odò gbẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré 488 wò níbi eré ìje Marathon ti Boston ní ọdún 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ara wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó mu omi débi tí ìwọ̀n ara wọn fi pọ̀ sí i ló sì wà nínú ewu jù. Èyí lè mú ọpọlọ wú. Ẹ máa mu bí òǹgbẹ bá ṣe gbẹ yín, kẹ́ ẹ sì fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ORS, kún un. Má jẹ ohun tí o ò jẹ rí lọ́jọ́ ìdíje. Àmàlà àti ilasà ti alẹ́ àná kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Ooru oṣù Kejì àti Kẹta ní Ìbàràpá kì í ṣe ohun tí a ń fi ìgboyà bá jà. Bí ẹnì kan bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má kọ́kọ́ máa wá mọ́tò. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù lé e lórí láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ tutù kó tó di pé ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Panadol kò lè wo irú ooru yẹn.

Ní ti kẹ̀kẹ́, mi ò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni dá gùn ún ní ìdájí láti Ìgbò-Ọrà lọ sí Abẹ́òkúta tàbí gba ọ̀nà Ìgànǹgán. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ kì í rí oníkẹ̀kẹ́ nínú òkùnkùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kòtò sì pọ̀. Ìkọlù àwọn agbébọn tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgànǹgán ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ṣì wà lọ́kàn gbogbo wa. Ẹ gùn ún ní ọ̀wọ́, ní ojúmọmọ, kẹ́ ẹ wọ akoto, kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti ìgbà tí ẹ máa dé.

Lọ́jọ́ kejì ìdíje, ẹ wo ìtọ̀ yín. Bó bá dúdú bíi kóòkì, tí itan sì ń ro yín kọjá ààlà, iṣan ló ń fọ́ tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbo. Nínú àwọn 135 tí mo mẹ́nu kàn lókè, 8 ló jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n parí ìdíje ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kí ẹni tó bá parí rẹ̀ má dá jókòó sí kọ̀rọ̀, kó má sì wakọ̀ padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹnì kan nínú ẹbí wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.