Òru Ni Ẹjọ́ Wà

Bí Bàbá Ìbejì bá ti fara kan ibùsùn báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun nìyẹn. Àwọn ará ilé kejì ń gbọ́ ọ. Ó ti mọ́ ìyàwó rẹ̀ lára. Ariwo yẹn kọ́ ló ń já a láyà. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Hanrun á kàn já lójijì, àyà bàbá á máa lọ sókè sódò, àmọ́ atẹ́gùn kankan ò ní gba imú wọlé. Ìyá Ìbejì á máa kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà míì á kà á kọjá ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni bàbá á mí "háàà!" bí ẹni tó yọrí jáde nínú omi, hanrun á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Tó bá di ọ̀sán, ìdí kọ́ńtà ṣọ́ọ̀bù ni bàbá ń sùn sí, pẹ̀lú owó oníbàárà lọ́wọ́.

Sleep apnea ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Bí a bá sùn, iṣan ọ̀nà ọ̀fun gbogbo wa ló máa ń dẹ̀. Ti àwọn kan á dẹ̀ débi pé ahọ́n á rọ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà ọ̀fun á lẹ̀ pọ̀. Bí èémí bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kà á sí ẹyọ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 30 láàárín wákàtí kan, ọ̀ràn náà ti le.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì há ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ bàbá níka, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa rí nígbà kòrónà. 97 ló gbé jáde.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o rí i? 97! Gbogbo ariwo tí ò ń pa ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọ̀sán la wọ̀n yín, ojú yín sì là sílẹ̀. Òru ni ẹjọ́ yín wà."

Kí ni ẹ̀rọ orí ìka yìí ń wò? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn inú atẹ́gùn kiri ara wa. Èyí tó rí ọ́síjìn gbé dáadáa máa ń pọ́n dẹ̀dẹ̀, èyí tí kò rí gbé máa ń ṣú. Ẹ̀rọ náà ń tan iná méjì gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì ò ṣeé fojú rí. Bí iná méjèèjì bá ṣe ṣẹ́ kù sí nígbà tí wọ́n jáde lódì kejì ló fi ń ṣírò. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1974. Bí nọ́ńbà bá wà láàárín 95 sí 100, ara dá. Bó bá ń já kọjá 90 wá sílẹ̀, kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Èyí tí wọ́n fún bàbá gbé lọ sílé ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago, ó sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ìlà tó yẹ kó tẹ́ rẹrẹ wá rí bí eyín ayùn. Ó wà ní 95, ó já sí 84, ó gòkè, ó tún já. Ìyá Ìbejì na ìka sí eyín kan. "Ibi tí mo ti máa ń kà nìyí."

(Ẹ má ṣe jókòó ti ẹni tó ń sùn kẹ́ ẹ máa wo nọ́ńbà yìí o. Ó lè tó ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí èémí dúró kí ìka tó mọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ṣì ní láti rìn láti ẹ̀dọ̀fóró débẹ̀. Ìgbà tí nọ́ńbà bá já, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún ti máa mí padà.)

Ẹ̀rọ CPAP ni ìtọ́jú tí wọ́n fún un. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1981. Àwọn èèyàn rò pé ọ́síjìn ló wà nínú rẹ̀. Rárá. Atẹ́gùn inú yàrá náà ló ń fà, tó ń fẹ́ gba inú ìbòmú wọ imú, kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa lẹ̀ pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó lẹ̀.

Hanrun lọ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Kí la tún wá ń wọn ìka fún? Torí pé ìdákẹ́jẹ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ìbòmú lè yẹ̀, kí atẹ́gùn máa jò. Ní alẹ́ Sátidé kan tí bàbá ti òde ìnáwó dé, tó sì ti mu ọtí yó, eyín ayùn yẹn tún fara hàn díẹ̀díẹ̀ lórí pépà. Nígbà míì sì rèé, ìlà lè má ní eyín rárá, síbẹ̀ kó máa wọ́ lọ nísàlẹ̀ 90 ní gbogbo òru. Ìyẹn lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ orí ìka pàápàá máa ń tanni. Kútẹ́ẹ̀sì, làálì àti ọwọ́ tó tutù máa ń dà á láàmú. Àwa aláwọ̀ dúdú tún ní tiwa. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà kò rí i pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe tipẹ́. Fún ìdí èyí, bí nọ́ńbà bá ń sọ pé ó dáa tí ara ń sọ pé kò dáa, ara ni kẹ́ ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Nínú oṣù kejì, pépà òru kan ya dókítà lẹ́nu. Láti aago mẹ́wàá títí dé aago méjì, ìlà náà tẹ́ bí títì ọlọ́dà. Láti aago méjì lọ, eyín ayùn ni títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Aago méjì ni NEPA mú iná lọ," Ìyá Ìbejì fèsì. "Ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n sì já ìbòmú sílẹ̀ lójú oorun."

"Kò le," ni bàbá wí. "Màá gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí pálọ̀."

Dókítà fò dìde lórí àga. Gáàsì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń gba ipò ọ́síjìn lára ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á sì ṣì máa pọ́n. Ẹ̀rọ orí ìka ò mọ ìyàtọ̀. Ó lè máa kọ 98 lórí ẹni tó ń kú lọ. CPAP ní tirẹ̀ á máa fa èéfín yẹn, á máa fẹ́ ẹ sí bàbá nímú.

Owó aṣọ ẹbí ni wọ́n fi ra ínfátà àti bátìrì. Bàbá kùn títí wọ́n fi délé. Ìyá Ìbejì ní aṣọ tó wà nínú àpótí òun tó òun í wọ̀.