Ṣé kí n tọ́jú alùpùpù oníbátìrì mi pamọ́?

Ìbéèrè: Houston ni mo ń gbé. Mo ra LiveWire ti Harley-Davidson ní àlòkù, ti ọdún 2020. Ìyàwó mi ní kí n tà á, ó ní ó ti gba àyè ọkọ̀ òun. Èmi fẹ́ fi í pamọ́ fún ọmọ wa, bóyá yóò wọ́n bí àwọn alùpùpù àtijọ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, láti 1903 ni Harley-Davidson ti ń ṣe alùpùpù tó ń pariwo. Ìgbà tí wọ́n máa gbé èyí tí kì í pariwo jáde ní 2019, $29,799 ni wọ́n ń tà á. Kò pẹ́ rárá: nígbà tó di 2021, wọ́n ya LiveWire sọ́tọ̀, orúkọ Harley kúrò lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tìrẹ, kò sì pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń kó alùpùpù jọ máa ń wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Vespa kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó dàgbà jù mí lọ. Bó bá kọ̀ tí kò jí, mo á tú kábúrétọ̀ rẹ̀, mo á fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, mo á fẹnu fẹ́ ihò tín-ń-tín inú rẹ̀. Bí mo bá ta kíkì lẹ́ẹ̀mejì, èéfín ti yọ nìyẹn. Kò sí ihò tó o máa fẹ́ lára LiveWire. Bátìrì ń darúgbó, bó o gùn ún bó ò gùn ún, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ náà lè kú: Alta, tó ń ṣe alùpùpù oníbátìrì, ti kógbá sílé láti 2018. Energica ti Ítálì, tó ń pèsè alùpùpù fún ìdíje alùpùpù oníbátìrì MotoE láti 2019 sí 2022, gbèsè gbé e ṣubú ní 2024. Ohun tó sọ alùpùpù wọn di ọ̀wọ́n náà ló sọ àtúnṣe wọn di ìṣòro.

Nítorí náà, má fi í pamọ́ nítorí owó. Bó o bá fẹ́ràn rẹ̀, máa gùn ún. Bó bá máa jókòó fún oṣù mélòó kan, má ṣe jẹ́ kí bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú, má sì jẹ́ kó gbẹ. Bí ìdajì ló dáa. Ooru Houston yẹn ò dáa fún un rárá. Tọ́jú ìwé rẹ̀, ṣájà tó bá a wá àti kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Má kùn ún ní ọ̀dà tuntun o!

Ní ti ìyàwó wa, sọ fún un pé èyí kì í jo ọ́ìlì sílẹ̀. Vespa tèmi ń jò ó, ìdí tó fi ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.